Ọ̀jọ̀gbọ́n A-ya-ìbejì-sọ́tọ̀

Ní gbogbo ìlú Chiang Mai, kò sí dígí tí kò mọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Phichai. Bó bá kọjá lára gíláàsì ẹ̀rọ, á dúró tún táì rẹ̀ ṣe. A-ya-ìbejì-sọ́tọ̀ lorúkọ tó fún ara rẹ̀.

Ìbejì wo? Ẹ̀yà oògùn méjì ni, tó jọra bí ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì: ọ̀kan ò lè wọ ìbọ̀wọ́ èkejì. Ọ̀kan ń wo ikọ́ sàn, èkejì ń da inú rú. Orathai, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ló fi ọdún mẹ́ta wá bí wọ́n ṣe ń yà wọ́n. Ó ń fi omi gbé wọn gba inú ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan kọjá. Iyanrìn tí wọ́n fi nǹkan bí ògì pa lára ló wà nínú ọ̀pá náà. Ògì yẹn a máa di ọ̀kan mú pẹ́ ju èkejì lọ. Tó bá di ogójì ìṣẹ́jú, òkè méjì á ti yọ lójú ẹ̀rọ, àfonífojì mímọ́ á wà láàárín wọn. Ó dùn ún wò ju fíìmù lọ!

Nígbà tí ilé iṣẹ́ oògùn kan ní Bangkok ní àwọn ń bọ̀ wá wo ọ̀nà yìí, Ọ̀jọ̀gbọ́n yọ orúkọ Orathai kúrò lórí ìwé tó ṣàlàyé ọ̀nà náà, ó fi tirẹ̀ sí i. Orathai rọra bi í léèrè. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní olùkọ́ ni igi, akẹ́kọ̀ọ́ ni ewé; ta ní í ki ewé? Orathai mọ̀ pé bí orúkọ òun ò bá sí níbẹ̀, oyè ọ̀mọ̀wé òun ti wọgbó nìyẹn. Àmọ́ wọn kì í bá olùkọ́ ẹni jiyàn níbẹ̀. Ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló ń bí Ọ̀jọ̀gbọ́n nínú: ogójì ìṣẹ́jú. Ta ni yóò wo òun tó bẹ́ẹ̀ láìsùn? Láàárọ̀ ọjọ́ tí àlejò ń bọ̀, kí iṣẹ́ lè yá, ó da àsítóònù, omi tí wọ́n fi ń nu ọ̀dà èékánná, sínú ìgò ẹ̀rọ. Ìwé ìlànà ọ̀pá náà ní kí ẹnikẹ́ni má dán an wò. Ó ní akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n kọ ìyẹn fún. Ẹni tó bá gbọ́n ju ìwé ìlànà lọ, ọṣẹ ni yóò fi jẹ búrẹ́dì.

Àlejò dé, Khun Buppha, àgbà obìnrin kan, ló ṣáájú wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n tẹ bọ́tìnnì bí ọba tó ń ṣí afárá. Ní ìṣẹ́jú mẹ́ta, òkè kan yọ. Wọ́n dúró de ìkejì. Wọ́n mu tíì. Kò yọ.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, ìkejì dà?"

"Ó wà nínú ìyẹn, mà. Wọ́n ti yà tán, wọ́n kàn sún mọ́ra ni."

"Bíi tọkọtaya tó kọra wọn sílẹ̀, tí wọ́n ṣì jọ ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan?"

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dorí kodò, èjìká wọn ń gbọ̀n. Khun Buppha bi í pé omi wo ló lò. Ó na àyà, ó ní àsítóònù ni, àwárí òun fúnra òun. Màmá bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ọmọ mi, o ti fọ ògì dànù. Iyanrìn lásán lo ń fi hàn wá."

Òógùn bo Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó wá ẹni tí yóò di ẹ̀bi rù, ó sì nàka.

"Ẹ má bi mí o. Orathai ló ni ọ̀nà yìí, látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Tèmi kọ́."

Khun Buppha yíjú sí Orathai. Orathai ṣí ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀: òkè méjì, òkè méjì, ojú ìwé lẹ́yìn ojú ìwé. Màmá kà á tán, ó ní ọ̀pá tuntun wà ní Bangkok, kí Orathai máa bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ó wá ti bébà òfìfo kan sí iwájú Ọ̀jọ̀gbọ́n.

"Ohun tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yẹn, kọ ọ́ síbí, kó o sì buwọ́ lù ú."

Lójú gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ Orathai. Khun Buppha gbé e súnmọ́ ojú, ó ní kó tún un kọ; ó ní lẹ́tà rẹ̀ ti kéré jù.