Ọjọ́ Tí Wọ́n Ṣọ̀fọ̀ Mi Nítorí Ọkọ̀ Tó Ń Gbọ̀n

Bí mo bá dàgbà títí tí mo gbàgbé orúkọ ara mi, ọjọ́ kan ò ní tán lọ́kàn mi: ọjọ́ tí wọ́n ṣọ̀fọ̀ mi ní Ẹnuwá, níwájú ààfin Ifẹ̀, tí mo sì ń gbọ́.

Màmá mi máa ń ra ìkòkò amọ̀ ní Ìpetumodù wá tà ní Ifẹ̀. Ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù tí ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀ọ̀dá Ṣọlá, fi ń kó o dédé bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Tó bá ti ń sáré, á máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe, ìkòkò á sì máa fọ́. Màmá ní bí ọ̀kan bá tún fọ́, òun á ta ọkọ̀ náà. Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ tí Bọ̀ọ̀dá ní nìyẹn.

Mẹkáníìkì ní síìtì ẹ́ńjìnnì ni, ìyẹn rọ́bà tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, ọkọ̀ ò yéé gbọ̀n. Fọkanáísà tún táyà iwájú ṣe, pàbó. Aládùúgbò wa ní ayé ni. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì, tí n kì í gba ọ̀rọ̀ gbọ́ láìwádìí, rò ó pé kò tíì sẹ́ni tó fetí sí ọkọ̀ fúnra rẹ̀.

A gbé e lófìfo lọ Ìpetumodù. Bí a ti ń bọ̀, mo dùbúlẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀, mo fi etí lé ilẹ̀ rẹ̀. Nítorí eruku, mo fi aṣọ funfun tí Màmá fi ń di ìkòkò bo ara mi látorí dẹ́sẹ̀. Mo ní kí Bọ̀ọ̀dá tan iná tó ń ṣẹ́jú, kí ọkọ̀ ẹ̀yìn má bàa sún mọ́ wa. Mo tún bẹ̀ ẹ́ kó má sọ̀rọ̀ rárá, kí n lè gbọ́ dáadáa. Gbogbo rẹ̀ ni mo rò, àfi ohun tí ará ìta máa rí.

Apá òsì ẹ̀yìn ni ariwo náà ti le jù. Ní Ẹnuwá, èrò ń sọdá, ọkọ̀ dúró. Ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n gbígbọ̀n náà dáwọ́ dúró. Mo ń rò ó lábẹ́ aṣọ nígbà tí mo gbọ́ ohùn ìyá kan.

“Ọmọ mi, ta lẹ gbé sẹ́yìn yìí?”

Bọ̀ọ̀dá ò gbàgbé ẹ̀bẹ̀ mi. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun kàn mi orí ni.

“Yéè! Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ ṣí fìlà yín!”

“Ìnnálílàhí!” ni ẹlòmíì ń ké.

Ìyá náà gbọ́wọ́ lé mi láyà, ó ń sunkún. Ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yé mi. Mo fò dìde jókòó.

“Ẹ́ńjìnnì kọ́! Táyà òsì ẹ̀yìn ni!”

Ẹnuwá tú ká. Bàtà ìyá náà nìkan ló dúró tì wá. Nígbà tí wọ́n padà, wọn ò jẹ́ ká lọ títí Màmá fi rí ojú mi lórí fóònù.

“Ọmọ mi ni,” ni Màmá wí, “ṣùgbọ́n ẹ bá mi gbá a létí.”

Nígbà tí a tú táyà náà, amọ̀ ló gan mọ́ inú ríìmù rẹ̀ lápá kan, ó le bí ìkòkò tí wọ́n ti sun. Táyà yẹn ló máa ń rì sínú ẹrọ̀fọ̀ níbi tí wọ́n ti ń wa amọ̀ ní Ìpetumodù. A gbẹ́ ẹ kúrò, ọkọ̀ sì rọlẹ̀. Màmá ò tà á mọ́.

Mo ti kọ́gbọ́n: kí n tó dán nǹkan wò, mo máa ń kọ́kọ́ wo ara mi láti ojú ẹni tó ń kọjá lọ. Ìyá Ẹnuwá náà ti di oníbàárà Màmá. Tó bá wá, á fi ìka kan ìkòkò láti mọ̀ bóyá ó ti sán, á wá yíjú, á kan èmi náà lórí.

“Èyí náà ò tíì fọ́,” ni yóò wí. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín ni.