Orin Ẹnu Mi Ló Ń Tú Àṣírí Káàdì Mi

Ọjọ́ kan wà tí kò lè parẹ́ lọ́kàn mi títí ayé. Ọjọ́ náà ni mo fọ́n omi sí bàbá díákónì kan lójú ní Ògbómọ̀ṣọ́, níwájú gbogbo ẹgbẹ́ télọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Aṣọ ni mò ń rán ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Lọ́dọọdún ni ẹgbẹ́ wa àti ẹgbẹ́ télọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ máa ń pàdé, tí ọ̀rọ̀ bá sì ti tán, eré káàdì wọ́ọ̀tì ló kù. Ìlú tó bá borí ló máa gbé ife ẹ̀yẹ lọ. Èmi ni mò ń ṣojú Ọ̀yọ́, torí kò sí ẹni tí mi ò tíì nà ní àdúgbò wa. Ẹni tó ń ṣojú Ògbómọ̀ṣọ́ ni Díákónì, àgbà télọ̀ tó ń rán kóòtù, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi pọ́ńbélé, tí ojú wọn kì í sọ ohun tó wà nínú wọn.

Lọ́dún tó ṣáájú, ilé wa ní Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti wá nà mí. Ẹ̀ẹ̀mẹta la ta á, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fìdí rẹmi. Ìgbàkígbà tí mo bá ti mú ogún, ìyẹn káàdì tí èèyàn fi ń béèrè àwòrán tó bá wù ú, ni Díákónì máa ju méjì sílẹ̀, wọ́n á ní, "Ẹ mú méjì, Ìyá Télọ̀." Ọwọ́ mi á tún kún. Mo rò pé wọ́n ń yọjú wo káàdì mi ni. Mo tiẹ̀ gbé àga mi, mo fẹ̀yìn ti ògiri.

Ìyá ọkọ mi, tí wọ́n wà lára àwọn tó ń wòran, ló là mí lójú nígbà tí gbogbo wọn lọ tán.

"Ìyàwó, ta ló ní kó o máa kọrin?"

"Orin wo, Màmá?"

"Tí káàdì tó dáa bá ti dé ọwọ́ ẹ, wàá bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí oyin. Ẹsẹ̀ ẹ á sì máa gbọ̀n bí ẹni tó ń wa máṣíìnì. Èmi tí mi ò mọ wọ́ọ̀tì rárá, mo mọ ìgbà tí ogún bá wà lọ́wọ́ ẹ."

Mo jiyàn. Ni ọkọ mi bá mú fóònù rẹ̀ jáde, ó ti ká gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ wò mí bí mo ṣe ń kùn wákà, tí mò ń mi ẹsẹ̀, tí inú mi ń dùn bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gbé ìyàwó fún! Ojú tì mí débi pé mi ò lè parí oúnjẹ mi.

Mo pinnu pé mo máa fi àwọn ìwà yẹn sílẹ̀. Ẹsẹ̀ kò le, mo kàn ń lọ́ ọ̀kan mọ́ èkejì ni. Ẹnu ni wàhálà. Ọgbọ́n tó wá sí mi lórí ni pé kí n máa bu omi sẹ́nu tí mo bá ń ta káàdì. Ta ló lè kọrin pẹ̀lú omi lẹ́nu?

Níbi tí èmi àti ọkọ mi ti ń ta á ní ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni Alhaja kan gbé léèsì dé. "Ẹ kú iṣẹ́ o!" Mo mi orí. "Mo ní ẹ kú iṣẹ́!" Mo tún mi orí, mo juwọ́. Alhaja wò mí tìkà-tẹ̀gbin. "Háà, ẹ̀yin náà ti di ẹni ńlá!" Wọ́n yí padà tàwọn ti léèsì wọn. Mo sáré gbé omi mì kí n lè pè wọ́n, omi gba ibi tí kò yẹ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Kí n tó rí èémí mí, Alhaja ti wọ kẹ̀kẹ́ lọ. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi lọ bẹ̀ wọ́n nílé.

Ẹ ò wá rò pé màá kọ́gbọ́n? Rárá o. Mo gbé ìgò omi mi lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́.

A jókòó sí gbọ̀ngàn ìpàdé wọn. Mo bu omi sẹ́nu, mo lọ́ ẹsẹ̀, mo ranjú. Kò pẹ́ tí ogún fi dé ọwọ́ mi. Díákónì wò mí, wọn ò gbọ́ orin. Inú mi ń dùn. Àṣé wọ́n ti fi ìpara olóòórùn líle pa orúnkún tó ń dùn wọ́n. Òórùn yẹn wọ imú mi lọ, ó di "Háátíṣàá!" Gbogbo omi ẹnu mi dà sí Díákónì lójú, ó ta sára kóòtù wọn.

Mo kúnlẹ̀. Díákónì yọ áńkáṣíìfù, wọ́n nu ojú wọn, wọ́n rọra ní, "Ẹ dìde, Ìyá Télọ̀. Ṣùgbọ́n ní ìjọ tiwa, a kì í wọ́nmi síni lára. Rírì la máa ń rini bọmi."

Ẹ̀rín wó gbọ̀ngàn náà lulẹ̀. Jìnnìjìnnì bò mí, mo pàdánù ọwọ́ àkọ́kọ́. Ọwọ́ méjì ló sì kù.

Màmá, tí wọ́n bá wa wọ bọ́ọ̀sì wá, fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Gbé ìgò yẹn fún mi. Tó o bá ń fọwọ́ lẹ́ léèsì olówó iyebíye, ṣé o máa ń kọrin?"

"Rárá, Màmá. Mo máa ń ka ojú abẹ́rẹ́ nínú mi, bó ṣe ń gún aṣọ."

"Lọ kà á."

Mo padà jókòó. Kí n tó ju káàdì kankan, mo máa rọra ka ojú abẹ́rẹ́ mẹ́ta nínú mi, ì báà dára, ì báà burú. Ẹnu mi dákẹ́ fúnra rẹ̀, ẹsẹ̀ mi náà simi. Mo jẹ ọwọ́ kejì.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí ọwọ́ kẹta parí, káàdì méjì ló kù lọ́wọ́ mi, ogún àti ìràwọ̀ kan. Díákónì wo ojú mi, wọ́n wo ẹnu mi, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo abẹ́ tábìlì. Wọn ò rí nǹkan kan. Wọ́n gbà pé ogún ò sí lọ́wọ́ mi, wọ́n fi méjì ọwọ́ wọn pamọ́, bí mo ṣe wá rí i nígbà tí eré parí, wọ́n ju àwòrán àgbélébùú sílẹ̀. Ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Mo fi ogún lé e.

"Ìràwọ̀. Láàsì káàdì."

Wọn ò ní ìràwọ̀. Wọ́n mú káàdì kan lọ́jà, ìyẹn nínú àwọn tó kù nílẹ̀, mo sì fi tèmi parí rẹ̀. Àwọn ará Ọ̀yọ́ pariwo. Díákónì bọ̀ mí lọ́wọ́, wọ́n ní, "Ẹni tó kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ ni yín lónìí."

Ẹ̀kọ́ tí èmi náà kọ́ ni pé ìwà kò ṣeé dí mẹ́nu bí ìgò. Ohun tó dára lèèyàn fi ń rọ́pò rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, títí ara á fi gbà á. Mo ti fi orin sílẹ̀, mo ti fi ẹsẹ̀ mímì sílẹ̀. Ìwà kan ṣoṣo tí apá mi ò tíì ká ni ìfọ́nnu. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ẹni tó wá wọn aṣọ lọ́dọ̀ mi tí mi ò kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí fún kí n tó mú téèpù. Ẹ̀yin náà ṣáà ti gbọ́ ọ báyìí. Ẹ forí jì mí, ẹ̀rín ara mi ló ń pa mí.