Síkúrù Mẹ́fà Tó Ṣẹ́ Kù Lọ́wọ́ Gbóyèga Télọ̀

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ? Ẹ má wulẹ̀ máa mi orí bí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Bí mo bá ní kí ẹ sọ ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ọ̀hún fún mi, ojú ara yín lẹ ó máa wò. Ẹ fìdí mọ́lẹ̀ dáadáa. Ìbẹ̀rù ló bí òwe yẹn, orí òkè Ìgbàrò ló sì bí i sí.

Télọ̀ kan wà ní Ìgbàrò tó ń jẹ́ Gbóyèga. Ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáṣá nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ṣùgbọ́n ojo paraku ni. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ojo náà tún le sí i, torí ó fẹ́ fẹ́ Ṣẹ̀gílọlá, ọmọ Bàbá Wọ́dà. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Bàbá Wọ́dà fi ṣọ́ ẹlẹ́wọ̀n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, wọn ò sì jáwọ́ nínú kíka nǹkan. Wọ́n á ka adìẹ láàárọ̀, wọ́n á tún un kà nírọ̀lẹ́. Ọkùnrin méjì ló ti wá tọrọ Ṣẹ̀gílọlá ṣáájú, àwọn méjèèjì ni wọ́n lé dànù. Ẹ̀ṣẹ̀ ẹni kejì ni pé ó ní òun ò tíì jẹun, nígbà tí ẹ̀bà ṣì wà ní irùngbọ̀n rẹ̀.

"Mo ti ṣọ́ olè, mo sì ti ṣọ́ òpùrọ́," ni Bàbá máa ń wí. "Olè sàn."

Bàbá yìí ní ọkọ̀ tòkúnbọ̀ kan, hítà inú rẹ̀ ni wọ́n sì torí ẹ̀ rà á. Àwa tí oòrùn ń pa, kí la fẹ́ fi hítà ọkọ̀ ṣe? Ṣùgbọ́n làkúrègbé ń bá orúnkún Bàbá jà, ọyẹ́ orí òkè Ìgbàrò kì í sì í ṣe ọyẹ́ eré. Bí wọ́n bá ti wọnú ọkọ̀ tí wọ́n tan hítà, tí atẹ́gùn tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ń fẹ́ sí wọn lórúnkún, ara á tù wọ́n.

Nígbà tí Bàbá ń lọ sí Ìbàdàn lọ wo ojú wọn, wọ́n fún Gbóyèga ní kọ́kọ́rọ́. "Máa sítáàtì rẹ̀ láràárọ̀, kí bátìrì má bàa kú. Mò ń bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀. Tó bá di Sátidé, inú rẹ̀ la jọ máa wọ̀ lọ bá àwọn ẹbí mi ní Ìsàlẹ̀-Odò. Ibẹ̀ ni màá ti sọ bóyá mo fún ọ lọ́mọ tàbí mi ò fún ọ."

Gbóyèga dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní ẹ ṣé, sà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó sítáàtì ọkọ̀ bí wọ́n ṣe wí. Òórùn kan bí òórùn ṣúgà tí wọ́n ń sè gba inú ọkọ̀ kan. Èéfín funfun bo gíláàsì iwájú. Kó tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, omi gbígbóná ti ń ya lu bàtà rẹ̀ láti abẹ́ dáṣíbọọ̀dù. Ó fò jáde, ó ń kígbe pé òun kú o.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Múfú mẹkáníìkì. Múfú ki ọwọ́ bọ abẹ́ ibẹ̀, ó mi orí. "Hítà ló jò. Ó dà bíi rédíétọ̀ kékeré, ẹ̀yìn dáṣíbọọ̀dù ló wà. Kò le rárá. Hóòsì méjì ló ń gbé omi lọ síbẹ̀, màá so wọ́n pọ̀, ká gbàgbé hítà. Bí gbogbo wa ṣe ń ṣe é nìyẹn."

"Orúnkún Bàbá wá ńkọ́?"

"Kí wọ́n wọ ṣòkòtò tó nípọn."

"Múfú, ṣáà bá mi pààrọ̀ rẹ̀."

"Kí n tó débẹ̀, n ó tú gbogbo iwájú ọkọ̀ palẹ̀. Mi ò ṣe é rí, mi ò sì ní fi ọkọ̀ Bàbá Wọ́dà kọ́ṣẹ́." Ó gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, ó ń sáré lọ.

Ṣẹ̀gílọlá ní, "Bọ̀dá Gbóyèga, ẹ pè wọ́n lórí fóònù, kí ẹ sọ òtítọ́. Ọkọ̀ ló gbó, ẹ̀yin kọ́ lẹ bà á jẹ́."

Ọ̀rọ̀ gidi lọmọ yìí sọ. Gbóyèga pe Bàbá. Bó ṣe gbọ́ "Ta nìyẹn?", ó dọ̀bálẹ̀ tòun ti fóònù létí. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀ sà, bátìrì wà láàyè o," ó sì pa fóònù. Ṣẹ̀gílọlá wò ó títí, ó rọra wọlé lọ.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ ra hítà mìíràn lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta pààtì tòkúnbọ̀, tó sì mú iṣẹ́ náà ṣe fúnra rẹ̀ nínú àgbàlá Bàbá. Ó ń ki ara rẹ̀ láyà pé, "Ṣebí wọ́n fi síkúrù dè é ni. Ṣé mi ò tú agbádá rí ni?" Ó já omi rédíétọ̀ dànù, ó yọ hóòsì, ó dojú kọ dáṣíbọọ̀dù. Síkúrù tó bá tú, ó ń jù ú sínú agolo mílíìkì. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán Ọjọ́rú, inú ọkọ̀ ti dà bí ìfun ẹran tí alápatà ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Gbóyèga wò ó, omi bọ́ lójú rẹ̀, tòótọ́ ni mò ń sọ. Bí ẹnìkan bá kan ilẹ̀kùn ìta, á sá sẹ́yìn ọkọ̀, á rò pé Bàbá ti dé.

Ṣùgbọ́n ojo tó bá ní ìfẹ́ máa ń ṣiṣẹ́. Ó rí hítà náà, ó yọ ọ́, ó fi èyí tó rà sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó padà. Ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀, ó sítáàtì ọkọ̀. Atẹ́gùn tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fẹ́ sí i lórúnkún, omi ò kán. Ó ju apá méjèèjì sókè, ó yin Ọlọ́run.

Ìgbà yẹn ló bojú wo inú agolo. Síkúrù mẹ́fà wà níbẹ̀.

Ó wá ihò wọn lókè, ó wá a nísàlẹ̀, kò rí. Ó tó ìṣẹ́jú mélòó kan kí ọgbọ́n télọ̀ tó gbà á sílẹ̀. "Bí mo bá rán bùbá, ṣé aṣọ kì í ṣẹ́ kù ni? Ohun tó bá ṣẹ́ kù, a jẹ́ pé kò nílò rẹ̀. Ẹ̀fà péré!" Ó kó wọn sápò.

Ní Sátidé, Bàbá Wọ́dà jókòó sídìí ọkọ̀ pẹ̀lú fìlà wọn, Gbóyèga jókòó ti wọ́n níwájú. Ọ̀nà Ìsàlẹ̀-Odò ń dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ ni, kọ́nà lórí kọ́nà, ọ̀gbun sì wà lápá òsì. Bàbá tan hítà. Wọ́n ya kọ́nà kìíní, ìdérí àpótí iwájú Gbóyèga já, ó bọ́ lù ú lẹ́sẹ̀.

Bàbá ò yíjú. "Ení," ni wọ́n wí.

Gbóyèga di àpò rẹ̀ mú. Táyà kó sínú kòtò, rédíò fò jáde, ó bọ́ sílẹ̀, ẹni tó ń ka ìròyìn sì ń kà á lọ láàárín ẹsẹ̀ wọn.

"Èjì."

Aago tẹ̀ lé e. "Ẹ̀ta." Ìdérí ojú ihò atẹ́gùn fò yọ, ó gbá Gbóyèga láyà. "Ẹ̀rin." Ooru ti wá ń pọ̀. Bàbá ní, "Dín hítà yẹn kù." Gbóyèga na ọwọ́ sí bọ́tìnnì rẹ̀, ó já sí i lọ́wọ́. Ó gbìyànjú láti pa á mọ́ sátẹ́lẹwọ́, àmọ́ wọ́n ya kọ́nà míì, ó bọ́.

"Àrún."

Aago tó ń ka eré wá rọra yọ̀ wálẹ̀ níwájú Bàbá, kò dágbére fún ẹnikẹ́ni. "Ẹ̀fà. Gbóyèga, eré mélòó la ń sá báyìí?"

"Mi ò mọ̀, sà."

"Èmi náà ò mọ̀."

Ẹ̀rù tó ba Gbóyèga nígbà yẹn, kí Ọlọ́run má fi hàn wá. Ó wo ọ̀gbun, ó wo ẹsẹ̀ Bàbá. Ó bẹ Ọlọ́run pé bí bírékì bá wà lára ohun tó fẹ́ jábọ́, kó jẹ́ òun ló máa kẹ́yìn. Àdúrà náà ò tíì dé àmín tí odidi dáṣíbọọ̀dù fi mí kanlẹ̀, tó sì wá sùn sórí itan rẹ̀. Ó gbá a mọ́ra bí ọmọ tuntun.

"Èje," ni Bàbá wí. Wọ́n tẹ bírékì. Ó mú. Ọkọ̀ dúró sábẹ́ igi máńgòrò kan.

Bàbá ṣí fìlà, wọ́n fi nu òógùn ojú. "Kí ló wà nínú àpò rẹ tó ò ń dì mú látìgbà tá a ti kúrò nílé?"

Obì wá sí Gbóyèga lẹ́nu. Kó ṣáà sọ pé obì ni. Ó wo ojú Bàbá, kò dán irọ́ náà wò. Ó kó síkúrù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jáde. "Hítà yín ló jò, sà. Èmi ni mo tú ọkọ̀ yín. Ẹ̀rù yín ló bà mí tí mi ò fi sọ. Mẹ́fà yìí ló kù. Mo rò pé, bí èèyàn bá rán aṣọ, ó máa ń ṣẹ́ kù, sà."

Bàbá wo síkúrù. Wọ́n wo dáṣíbọọ̀dù lórí itan rẹ̀. Wọ́n fọwọ́ kan orúnkún ara wọn, ó gbóná dáadáa. Ẹnu wọn wá wọ́. Gbóyèga di ojú, ó ti gbà pé Ṣẹ̀gílọlá ti lọ nìyẹn.

"Ó ṣẹ́ kù!" Bàbá bú sẹ́rìn-ín. "Gbogbo iwájú ọkọ̀ mi ló ṣẹ́ kù!" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ń lu sítíárìn, àfi bí nǹkan kan ṣe fò yọ lẹ́nu wọn, tó gbá gíláàsì iwájú, tó sì bọ́ sórí itan Gbóyèga. Gbóyèga la ojú. Eyín ni. Odidi eyín òkè àtọwọ́dá, funfun báláú.

Ẹ̀rù ti gba ọgbọ́n orí Gbóyèga, ẹnu rẹ̀ ló dá sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀.

"Ẹ̀jọ, sà."

Bàbá mú eyín wọn, wọ́n nù ún, wọ́n dá a padà síbi tó yẹ. Wọ́n wo iwájú, wọ́n wo ẹ̀yìn. "Ta ló tún rí i?"

"Èmi nìkan, sà."

"Ọ̀rọ̀ eyín yìí, kò gbọdọ̀ jáde kúrò nínú ẹbí mi. Nítorí náà, ó di dandan kó o di ẹbí mi. Gbá dáṣíbọọ̀dù yẹn mọ́ra dáadáa, ká lọ sọ fún wọn pé mo ti fún ọ lọ́mọ."

Ẹ má bi mí pé ta ló wá sọ fún èmi. Ẹ ṣáà bá mi ṣírò rẹ̀: síkúrù tó wọ àpò, ẹ̀fà ni. Bàbá Wọ́dà ka ohun tó jábọ́ lẹ́yìn ẹ̀fà ọ̀hún dé èje, wọ́n rò pé ó ti parí, àṣé ti ẹnu tiwọn ṣì ń bọ̀. Lọ́jọ́ yòówù tí ẹ bá tún gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà, ẹ má bá wọn jiyàn, ẹ kàn fọwọ́ di eyín yín mú: ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.