Ọ̀gá Ara Ẹni Kán Lẹ́sẹ̀

Èmi Argyris, tí mò ń fi alùpùpù gbé oúnjẹ fún ilé-iṣẹ́ kan kiri ìlú Thessaloniki ní Gíríìsì bí fóònù bá ṣe rán mi, ni mo yọ̀ ṣubú nínú òjò ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àdúgbò Ano Poli. Bí adájọ́ bá gbà pé òṣìṣẹ́ ni mí, ilé-iṣẹ́ yóò tọ́jú mi títí ẹsẹ̀ yóò fi jinná. Bí kò bá gbà, ọrùn ìyá mi ni mo wà nìyẹn. Ni mo bá tiro dé ọ̀dọ̀ Ìyáàfin Evanthia, lọ́yà ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ẹsẹ̀ mi ló kán, ẹnu mi kò kán.

“Argyris, ta ni ọ̀gá rẹ?”

“Ọ̀gá kẹ̀? Èmi ni ọ̀gá ara mi, mà! Wọ́n ní alájọṣe ni mí.”

“Ó dáa, alájọṣe. Àṣíborí pupa yìí, ìwọ lo yàn án?”

“Wọ́n gbà mí nímọ̀ràn pé kí n máa dé e ni.”

“Bí o ò bá dé e ńkọ́?”

“Wọn ò ní fún mi níṣẹ́. Ṣùgbọ́n ohùn pẹ̀lẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́ o.”

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fa kọfí tútù rẹ̀ mu.

“Ibi tí wọ́n bá rán ọ, ṣé o lè kọ̀?”

“Dáadáa! Òmìnira ni. Mo kọ̀ rí.”

“Kí ló wá ṣẹlẹ̀?”

“Wọ́n dín máàkì mi kù. Láti ìgbà náà, àwọn tó ń gbé òkè téńté, àjà karùn-ún, ilé tí kò ní lífítì, ni mò ń gbé ẹran sísun souvlaki lọ fún.”

“Ìwọ ọ̀gá?”

“Ọ̀gá náà nílò eré ìmárale, mà.”

“Lọ́jọ́ orúkọ rẹ ńkọ́, ọjọ́ àjọ̀dún ẹni mímọ́ tí o ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, o sinmi?”

“Mo sinmi! Mo ra nǹkan dídùn fún gbogbo ọ̀rẹ́, mo pa fóònù pátá.”

“Ẹn-ẹ́n, ọ̀gá tòótọ́.”

“Nígbà tí mo máa tan án, wọ́n ti tì mí síta, iṣẹ́ kankan ò wọlé mọ́. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Mo kà á sí ìsinmi gígùn.”

Evanthia fọwọ́ gbá iwájú orí.

“Ọmọ yìí, wàá pa mí! Sọ báyìí níwájú adájọ́, ilé-iṣẹ́ á ra òdòdó fún ọ. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n tọ́jú ẹsẹ̀ yìí àbí o ò fẹ́?”

“Mo fẹ́, mà.”

“Kí wá ni ọ́?”

“Ọ̀gá… tára rẹ̀ ò yá.”

Ó mí kanlẹ̀.

“Ọjọ́ Ẹtì ni ẹjọ́. Kí o tètè dé.”

“Ọjọ́ Ẹtì kẹ̀? Ọjọ́ tí iṣẹ́ máa ń pọ̀ jù? Háà! Wọn ò ní gbà fún mi o!”

Ó wo ẹsẹ̀ mi tí wọ́n dì gbọingbọin, èmi náà wò ó. Ojú tì mí.

“Ta ni ò ní gbà fún ọ, ọ̀gá?”

“Ìyáàfin Evanthia, ẹ bá mi sọ fún adájọ́ pé òṣìṣẹ́ ni mí. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ìyá mi gbọ́. Ọmọ wọn tó jẹ́ ọ̀gá ni wọ́n ń bá wá ìyàwó, kì í ṣe èmi.”