Àárò Màmá Ṣàkírát

Ẹjọ́ tó dé ààfin Baálẹ̀ wa ní Ìdí-Apá lánàá, bí ẹ bá sọ ọ́ fún mi lójú ọ̀nà, mo lè pè yín ní òpùrọ́. Ṣùgbọ́n mo wà níbẹ̀. Orí bẹ́ńṣì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni mo jókòó sí, mi ò sì dìde títí wọ́n fi dá a. Gbogbo àwa tí à ń gba ọ̀nà Ìgbó-Ọrà sí Èrúwà la mọ̀ pé ilé oníyàrá mẹ́rin ni ààfin náà, àmọ́ láti ìgbà tí Baálẹ̀ ti fi ọ̀dà kùn ún, ẹni tó bá pè é ní ilé lásán, ẹjọ́ onítọ̀hún kì í dára.

Tíṣà Adéníran ló pe ẹjọ́. Òun ni alága Ẹgbẹ́ Ìdílé Aláàánú, ìyẹn àwọn ìdílé méje tí wọ́n máa ń kó ara wọn jọ, bàbá, ìyá, ọmọ, láti bá ará ìlú ṣiṣẹ́ láìgba kọ́bọ̀. Ẹni tó pè lẹ́jọ́ ni Hàkímù, Bàbá Mùíz, àgbẹ̀ tó ń gbin ẹ̀gẹ́. Ọmọ ẹgbẹ́ náà lòun pẹ̀lú. Baálẹ̀ Àkànó wà lórí àga, Ọ̀tún rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń tòògbé.

"Tíṣà, ẹ rojọ́."

"Kí Baálẹ̀ pẹ́ fún wa. Lóṣù tó kọjá, ìjì ká páànù orí ilé Màmá Ṣàkírát lọ. Opó ni Màmá, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Ẹgbẹ́ wa lọ síbẹ̀ taya-tọmọ. A kan páànù, a rẹ́ ògiri, a kùn ún. Ọjọ́ kan ṣoṣo la fi parí ẹ̀. Gbogbo ìlú ló kí wa."

"Èmi náà kí yín."

"Ẹ ṣeun, Baálẹ̀. Àfi bó ṣe di Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, tí mo rí Màmá lẹ́yìn ọ̀kadà, ọ̀bẹ lọ́wọ́ wọn, Bàbá Mùíz ló ń wa ọ̀kadà náà. Mo ní, 'Màmá, ibo lẹ̀ ń lọ?' Wọ́n ní, 'Oko ni. Mo fẹ́ lọ san àárò.' Baálẹ̀, àárò! Ọkùnrin yìí gbé ìyá arúgbó lọ sóko ẹ̀gẹ́ nítorí pé ó bá wọn kan ìṣó mẹ́rin!"

"Ìṣó méjìlélógún ni," Hàkímù ló dáhùn láti ibi tó jókòó sí.

Baálẹ̀ kọjú sí i. "Hàkímù, ṣé lóòótọ́ ni Màmá Ṣàkírát ṣiṣẹ́ lóko rẹ?"

"Lóòótọ́ ni, Baálẹ̀."

"Kí ni wọ́n ṣe?"

"Wọ́n bó ẹ̀gẹ́. Agbọ̀n mẹ́ta."

"Ojú ò tì ọ́?"

"Ojú ìyàwó mi ló tì, Baálẹ̀. Agbọ̀n kan péré lòun bó."

Ilé bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀tún ta jí, ó bèèrè pé ta ló kú. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó kú, ó padà sídìí oorun rẹ̀.

"Ẹ gbọ́ tẹnu mi," Hàkímù ní. "Mi ò jí ìyá ẹnikẹ́ni gbé. Àárò ni wọ́n pè mí sí, àárò ni mo ṣe, àárò ni wọ́n san fún mi. Ṣé a máa ń ṣe àárò ká má san án ni?"

"Ta ló pè ọ́ sí àárò?"

"Tíṣà ni."

Tíṣà fò dìde. "Irọ́ ni! Iṣẹ́ àánú ni mo pè yín sí!"

Hàkímù ò bá a jà. Ó yọ fóònù jáde nínú agbádá, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ohùn Tíṣà sì gba gbogbo ilé: "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ìdílé aláàánú. Ní Sátidé yìí, bàbá, ìyá, ọmọ, gbogbo wa pátá la ó lọ ṣe àárò fún Màmá Ṣàkírát. Ẹ má gbàgbé o, àárò ni!"

Ọmọ kékeré ìlú wa ló mọ̀ pé bí o bá bá mi roko mi lónìí, tí mo bá ọ ro tìrẹ lọ́la, àárò nìyẹn. Gbèsè ni, apá la sì fi ń san án. Bí ẹnì kan bá pe ọ̀rẹ́ àti àna kí wọ́n wá bá òun kọ́lé, tó sì se oúnjẹ fún wọn, ọ̀wẹ̀ ló bẹ̀. Ẹni tó bá ṣe é nítorí Ọlọ́run, tí kò retí nǹkan kan, sàárà ló ṣe. Bí o bá pe ọ̀kan ní èkejì, o ti da ìlú rú.

"Tíṣà," Baálẹ̀ rọra bèèrè, "ṣé ẹ mọ ohun tó ń jẹ́ àárò?"

"Baálẹ̀, mo rò pé kí èèyàn pọ̀, kí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ni. Jọ́ọ̀sì lókè Ọya ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà."

"Kí lẹ wá ń kọ́ àwọn ọmọ wa nílé ìwé?"

Tíṣà wolẹ̀. "Yorùbá ni, Baálẹ̀."

Olúwayẹ́misí, ìyàwó rẹ̀ fúnra rẹ̀, fi ìborùn bo ẹnu. Èjìká rẹ̀ ń mì.

Baálẹ̀ ní ká pe ẹlẹ́rìí, nítorí agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, òṣìkà èèyàn ni. Obadiah káfíńtà ló kọ́kọ́ bọ́ síwájú.

"Baálẹ̀, kì í ṣe àárò, kì í ṣe sàárà. Ọ̀wẹ̀ ni. Ìdí ni pé a jẹun."

"Kí lẹ jẹ?"

"Ẹ̀kọ àti ọ̀lẹ̀lẹ̀. Màmá ló sè é."

"Ẹ̀ẹ̀melòó lo jẹ ẹ́?"

"Ẹ̀ẹ̀kan ni, Baálẹ̀."

"Ẹ̀ẹ̀kan kẹ̀?" Làtíífàt, ìyàwó Hàkímù, ti dìde láìpè. "Ẹ jẹ ọ̀kan nílẹ̀, ẹ jẹ ọ̀kan nídìí ògiri, ẹ ní kí n gbé ọ̀kan fún yín lórí àkàbà. Èmi ni mò ń bù ú!"

"Ìyá Mùíz, níwọ̀n ìgbà tí o ti dìde," Baálẹ̀ ní, "jẹ́rìí ọkọ rẹ. Ṣé àárò ni?"

"Bó bá jẹ́ àárò, Baálẹ̀, tèmi dà? Èmi náà ru iyẹ̀pẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Oko Bàbá Mùíz ni Màmá san án sí, ta ló fẹ́ san tèmi?"

"Ṣebí oko kan náà ni?"

"Ẹ̀gẹ́ ni tiwọn. Ẹ̀pà ni tèmi."

Hàkímù gbọ́wọ́ lérí. Ẹlẹ́rìí tiẹ̀ ti di olùpẹjọ́.

Ó wá kan Àlùfáà Sàláúdéènì. Ó tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó ní sàárà pọ́ńbélé ni, òun lòun ṣàdúà sí i.

"Àdúà wo lẹ ṣe?"

"Pé kí Ọlọ́run san án fún wa."

"Ẹ retí èrè nìyẹn."

"Lọ́dọ̀ Ọlọ́run ni, Baálẹ̀."

"Ẹ ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ Màmá?"

"Rárá o. Ó tán. Àfi adìẹ yẹn."

"Adìẹ wo?"

"Kékeré ni, Baálẹ̀."

Baálẹ̀ mí kanlẹ̀. "Tíṣà, kí lẹ fẹ́ ká ṣe fún Hàkímù?"

"Kó bẹ Màmá ní gbangba, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé sàárà la ṣe fún wọn."

"Ta ló tọrọ sàárà?"

Ẹnu ọ̀nà ni ohùn náà ti wá. Màmá Ṣàkírát ló wọlé, kò mú ọ̀pá dání. Gbogbo wa dìde, àwọn obìnrin kúnlẹ̀. Baálẹ̀ ní kí wọ́n gbé àga.

"Mi ò jókòó," Màmá ní. "Bí mo bá jókòó, ẹ ó kọ ọ́ sára ògiri pé ẹ̀yin lẹ fún mi ní àga."

"Ògiri wo, Màmá?"

"Ẹ ní kí Tíṣà ka ohun tó kọ síwájú ilé mi."

Tíṣà wúkọ́. Màmá ń wò ó. Ó kà á, ohùn rẹ̀ ò jáde dáadáa: "Ẹgbẹ́ Ìdílé Aláàánú ló tún ilé opó aláìní yìí ṣe, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Baálẹ̀ Àkànó."

"Ọ̀dà pupa ló fi kọ ọ́," Màmá ní. "Ẹni tó ń sáré kọjá lórí ọ̀kadà pàápàá ń rí i kà. Baálẹ̀, mo bí ọmọ mẹ́fà, mo sin ọkọ, mo ta gààrí fún ogójì ọdún, mi ò tọrọ rí. Nígbà tí ìjì gbé páànù mi lọ, mo sunkún. Nígbà tí wọ́n wá sọ pé àárò ni wọ́n fẹ́ ṣe fún mi, mo nu ojú mi nù. Mo ní, ó dáa, mo ṣì lápá, màá san án. Wọ́n ṣe é, ó dára, inú mi dùn. Ilẹ̀ mọ́, mo ṣílẹ̀kùn, mo ti di aláìní."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

"Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ yìí, àwọn tó fẹ́ fẹ́ Màrdíyyàh, ọmọ-ọmọ mi, ń bọ̀ wá tọrọ ẹ̀ láti ìlú Tápà. Bàbá ọkọ ti kọ́kọ́ wá yọjú. Ó dúró níwájú ilé, ó ka ògiri. Ẹ mọ ohun tó bi mí? Ó ní, 'Màmá, ṣé ẹ ti jẹun?' Ó wá yọ búrẹ́dì sí mi! Àna mi! Èmi ló yẹ kí n gbé oúnjẹ fún un. Bí gbogbo ẹbí rẹ̀ bá wá ka ìyẹn lọ́jọ́ Jímọ̀, báwo lọmọ mi ṣe fẹ́ gbórí sókè láàárín wọn? Ìdí nìyẹn tí mo fi lọ bá Hàkímù pé kó gbé mi lọ sóko. Ó kọ̀. Mo ní bí kò bá gbé mi, màá fẹsẹ̀ rìn. Mo fẹ́ san gbèsè mi tán, kí n lè fọ ògiri mi láìsí pé ẹnì kan ní mo ya aláìmoore."

Baálẹ̀ wo Hàkímù. "Bẹ́ẹ̀ lọ̀rọ̀ rí? Kí ló dé tí o ò sọ ọ́ látàárọ̀?"

"Wọ́n ní kí n má sọ ọ́, Baálẹ̀. Wọ́n ò fẹ́ kó dé etí àna wọn."

Ó dùn mí. Èmi náà wà lára àwọn tó ń fi Hàkímù ṣẹ̀sín. Èyí tó tún burú jù ni pé èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí ti dúró síwájú ògiri náà rí, mo yin Tíṣà pé ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára.

Tíṣà ti dọ̀bálẹ̀. "Màmá, ẹ forí jì mí. Kí àwọn tó ń kọjá lè rí i, kí àwọn náà ṣe rere, ni mo ṣe kọ ọ́."

"Dìde, ọmọ mi. Mo mọ̀ pé o lójú àánú. Ṣùgbọ́n a kì í ṣoore tán ká tún lóṣòó tì í. Ìwọ lóṣòó tì í, o tún gbé ọ̀dà dání."

Baálẹ̀ jí Ọ̀tún, wọ́n sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Baálẹ̀ gbóhùn sókè.

"Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Àárò ni Tíṣà fẹnu ara rẹ̀ pè é, àárò ló sì jẹ́. Hàkímù ò jẹ̀bi. Ẹ̀yin ìdílé mẹ́fà tó kù, Màmá jẹ yín ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á san án, iṣẹ́ tó bá wù wọ́n ni wọ́n á ṣe. Ẹni tó bá dán an wò, tó ní, 'Màmá, ẹ jókòó, ẹ sinmi,' ìtànràn ń bẹ lọ́rùn rẹ̀: ọjọ́ méje ni yóò fi bó ẹ̀gẹ́ nílé Màmá. Obadiah, kí Màmá tó fọwọ́ kan iṣẹ́ nílé tìrẹ, wọ́n á jẹun ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Ọ̀kan nínú rẹ̀, orí àkàbà ni wàá ti gbé e sọ̀ kalẹ̀ fún wọn. Hàkímù, lọ ro ẹ̀pà ìyàwó rẹ, ìwọ lo gba tiẹ̀ mọ́ tìrẹ. Àlùfáà, ẹ dá adìẹ padà."

"Baálẹ̀, a ti jẹ ẹ́."

"Ẹ dá èyí tó tóbi jù ú lọ padà. Tíṣà, ẹ̀yin, ìyàwó yín àtàwọn ọmọ yín, kí ilẹ̀ Ọjọ́bọ̀ tó ṣú, ẹ ti fi kẹrosíìnì àti kànìnkànìn fọ ògiri náà mọ́ tónítóní. Tìdílé-tìdílé lẹ fi ṣe àánú, tìdílé-tìdílé lẹ ó fi pa á rẹ́. Bí ẹ bá sì ti ń fọ̀ ọ́, kí ẹ máa lé e lórin pé àárò yàtọ̀ sí ọ̀wẹ̀, ọ̀wẹ̀ yàtọ̀ sí sàárà. Kí àwọn ọmọ máa gbè é."

A pàtẹ́wọ́. Màmá Ṣàkírát dúró kí ariwo rọlẹ̀.

"Ẹ ṣeun, Baálẹ̀. Ó wá ku tiyín."

"Tèmi kẹ̀?"

"Orúkọ yín wà lára ògiri. Kí lẹ mú wá?"

"Àpò sìmẹ́ńtì kan."

"Ààbọ̀ ni," Obadiah ní.

"Ààbọ̀ náà, àárò ni. Lọ́jọ́ Ajé, màá wá san ààbọ̀ ọjọ́ fún yín. Mo sì ti yan iṣẹ́ tó wù mí. Ẹ̀gbẹ́ yín níbẹ̀ yẹn ni màá jókòó sí bí ẹ bá ti ń dájọ́. Bí ẹ bá ti fẹ́ ṣe ojúsàájú báyìí, màá ké sí yín, 'Àkànó!' níṣojú gbogbo èèyàn, bí mo ṣe máa ń ké sí yín ní kékeré, nígbà tí ẹ̀ ń jí ẹ̀pà mi jẹ."

Oorun ti dá lójú Ọ̀tún pátápátá. Baálẹ̀ fi etí agbádá nu ojú.

"Màmá, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Ẹ jókòó, ẹ sin..."

"Ìtànràn!" Gbogbo ilé ló pa á pọ̀.

Baálẹ̀ wo Màmá, ó wo àwa tí a wà ní ìjókòó, ó wá na ọwọ́ sí Tíṣà.

"Tíṣà, ẹ máa lọ fọ̀ ọ́ nísinsìnyí. Orúkọ tèmi ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀."