Bámgbóyè Túmọ̀ Ara Rẹ̀

Coyote kẹ̀, ajá igbó? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín? Coyote wo ló máa ṣí ọmọrí ìkòkò, tí á ṣa ẹran tó lọ́ràá jẹ, tí á fi ọrùn sílẹ̀, tí á tún wá dé ìkòkò padà jẹ́jẹ́ bí ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ilé? Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí èmi tí wọ́n jí ọbẹ̀ mi gan-an sọ bó ṣe rí fún yín. Ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn ni, mo ráyè dáadáa.

Ọ̀rọ̀ yìí ò lè yé yín tí ẹ ò bá kọ́kọ́ mọ Ẹ̀gbọ́n Bámgbóyè. Bámgbóyè, Ọ̀gá Spanish! Bámgbóyè, Afibàtà-ṣóńṣó-rìn-nínú-snow! Oṣù mẹ́sàn-án péré ni ọkùnrin yìí fi bá àwọn elépo ṣiṣẹ́ ní Malabo, níbi tí wọ́n ti ń sọ Spanish, kó tó wá sí Canada, ṣùgbọ́n tó bá sín, Spanish ló fi ń sín. Ẹ kí i pé "ẹ káàárọ̀ sà," á ní, "Buenos días, my dear." Ẹ bi í bóyá ó ti jẹun, á kọ́kọ́ wo òkè bíi pé ó ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tó ti sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́.

Nígbà tó kọ́kọ́ lọ sí Stampede, àjọ̀dún àwọn cowboy ìlú wa níbí, ó ra bàtà cowboy ẹlẹ́nu ṣóńṣó, ó ra fìlà cowboy funfun. Láti ọjọ́ náà, kò bọ́ wọn mọ́. Ní January, tí gbogbo wa ń wọ bàtà tó nípọn bíi táyà mọ́tò, Ẹ̀gbọ́n á máa yọ̀ lórí yìnyín, á na ọwọ́ méjèèjì bí ọmọ tó ń kọ́ ìrìn. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Tí ẹ bá rẹ́rìn-ín, á ní dance ni.

Ó wá di ọdún tí owó epo já lulẹ̀. Ẹ rántí, downtown di bí ilé ìwé nígbà holiday, For Sale kún iwájú ilé gbogbo. Wọ́n lé ọkọ mi Oyèwálé kúrò níbi iṣẹ́, wọ́n lé Ẹ̀gbọ́n Bámgbóyè náà. Àmọ́ Ẹ̀gbọ́n ò gbà. Ó ní, "Wọn ò lay me off. Èmi ni mo lay company off." Ọ̀sẹ̀ kejì, ó tẹ card oníwúrà: International Language Consultant. Ó fún pastor, ó fún ẹni tó ń kó snow, ó fún ọmọ mi Ìtùnúolúwa tí kò tíì ju oṣù mẹ́jọ lọ. Ọmọ náà ló lo tiẹ̀ jù, ó jẹ ẹ́.

Ó dáa. Ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ wá kù.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé freezer ilé wa ò tó nǹkan. Tí winter bá ti dé, deck, pèpéle onípákó ẹ̀yìn ilé, ni freezer wa, gbogbo wa ní Martindale níbí la ń ṣe é. Ní Saturday, mo máa ń se ọbẹ̀ ata ẹran ewúrẹ́ ìkòkò ńlá kan, màá gbé e sínú snow lórí deck, màá gbé òkúta lé ọmọrí, ó parí. Ọ̀sẹ̀ kan la máa fi jẹ ẹ́.

Sunday àkọ́kọ́, a ti church dé, ẹran ti dín kù. Mo ní ojú mi ni. Sunday kejì, ṣàkì lọ, ẹ̀dọ̀ lọ. Sunday kẹta, ọrùn nìkan ló kù, ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbàgbé sí bus stop. Inú ìkòkò náà sì ha yánnayànna, bíi pé ẹnì kan fi irin wa ọbẹ̀ dídì.

Ta ló wà nílé lọ́jọ́ Sunday? Rẹ̀mílẹ́kún.

Rẹ̀mílẹ́kún ni ọmọbìnrin tó ń gbé basement wa. Ilé àwọn arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́, ó ń tọ́jú wọn mọ́jú, nítorí náà oorun ló máa ń sùn nígbà tí a bá wà ní church. Ọmọ dáadáa ni. Tí Ìtùnú bá ń ké, ó kàn máa gbá a mọ́ àyà ni, ó parí. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń dúró lórí àtẹ̀gùn, màá pè é pé, "Rẹ̀mílẹ́kún, gòkè wá jẹun!" Á sáré gòkè tòun ti socks ẹsẹ̀ kan.

Lẹ́yìn Sunday kẹta yẹn, mi ò pè é mọ́. Mo ń gbóòórùn noodles tó ń sè nísàlẹ̀, ó dùn mí, ṣùgbọ́n mo mú ọkàn le. Tí ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tó fi ọ̀rọ̀ yẹn sí mi létí, Ẹ̀gbọ́n Bámgbóyè ni.

"Ìyá Ìtùnú," ló ní, "ẹ ronú. Ẹni tó ń ti ìsàlẹ̀ gòkè ni. Ẹ ní kó máa lọ. Èmi fúnra mi lè bá yín mú basement yẹn. Mo ti ń wá ibi tó pa lọ́lọ́ fún consultancy mi. Ẹnikẹ́ni ò tún ní fọwọ́ kan ìkòkò yín mọ́ lójú mi."

Lójú rẹ̀ lóòótọ́!

Èmi òpè, mo gbọ́. Mo sọ fún Rẹ̀mílẹ́kún pé kó wá ilé mìíràn, kí oṣù tó parí kó ti lọ. Níta, minus twenty-five. Ọmọ náà ò pariwo. Ó kàn ní, "Auntie, mi ò jẹ ẹ́," omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Mo yíjú sí fèrèsé.

Ní Saturday tó tẹ̀ lé e, fellowship wà nílé wa, pálọ̀ kún, bàtà kún ẹnu ọ̀nà gẹ́gẹ́ bí a ti ń bọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n Bámgbóyè wà níbẹ̀ láì ní fìlà lórí. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́fà tí fìlà funfun náà ti sọnù. Ó ti kọ ọ́ sí WhatsApp fellowship pé enemies of progress ló jí i lórí òun nínú train, pé kí gbogbo wa gbààwẹ̀ sí i. A ṣì ń ṣe Amen sí àdúrà fìlà lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n kanlẹ̀kùn.

Sẹ̀nyóra ni. Ìyá àgbà ará Venezuela tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa ni, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó ń bá a túmọ̀ ọ̀rọ̀ wà níbi iṣẹ́ epo ní Fort McMurray lọ́nà jíjìn. Fèrèsé kitchen rẹ̀ kọjú sí deck wa gangan. Gbogbo English rẹ̀ ò ju "hello," "cold," àti "baby beautiful." Fíìmù ọlọ́pàá ló máa ń wò láti àárọ̀ dalẹ́. Ó bá Rẹ̀mílẹ́kún tó ń sunkún níwájú ilé, ó fà á lọ́wọ́ wọlé, ó ń mi orí: "No, no, no. No her!" Ó wá na ìwé kan sí mi. Ìlà mẹ́fà, Spanish ni gbogbo rẹ̀.

Ọkọ mi yọ phone pé kó bá wa túmọ̀ ọ. Ẹ̀gbọ́n Bámgbóyè fò dìde bí ẹni tí iná jó nídìí.

"Phone kẹ̀, Oyèwálé? Nígbà tí èmi ṣì wà láyé?"

Ó gba ìwé. Ó fi gíláàsì sójú. Ó kà á. Ó tún un kà. Ó wá ká ìwé náà.

"Ó ní ẹni náà wà nínú ilé yìí. Ó ní ìsàlẹ̀ ló ti ń gòkè. Gracias."

Rẹ̀mílẹ́kún káwọ́ lé orí. Ojú gbogbo èèyàn lọ sára rẹ̀. Èmi alára, mo ní ó tán.

Ẹ̀gbọ́n Abọ́sẹ̀dé ló gbà wá. Nọ́ọ̀sì àgbà ni, ó ju Bámgbóyè lọ lọ́jọ́ orí, kì í bẹ̀rù ẹnikẹ́ni tó ní apá tí wọ́n lè gún lábẹ́rẹ́.

"Bámgbóyè, ìlà mẹ́fà ni mo rí níbẹ̀. Gbólóhùn méjì lo sọ."

"Bí Spanish ṣe rí nìyẹn, ẹ̀gbọ́n. Ó máa ń fẹ̀."

"Irọ́ ni. O ò gbọ́ Spanish ni. Ó ti ń ṣe mí bíi pé mo mọ̀ tẹ́lẹ̀. Bóyá airport Malabo lo jókòó sí fún oṣù mẹ́sàn-án. Oyèwálé, mú phone rẹ bọ̀."

Ẹ̀yin èèyàn mi! Ká ní ọkùnrin yìí gbà pé òun ò gbọ́ Spanish, ilé rẹ̀ ni ì bá gbà lọ. Ìtìjú kékeré ni, ó máa ń kọjá. Ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ wú, imú rẹ̀ fẹ̀.

"Èmi? Èmi Bámgbóyè ni ò gbọ́ Spanish? Ó dáa! Word for word! Ẹ dákẹ́, kí gbogbo yín gbọ́!"

Ó tú ìwé náà. Ó dìde dúró sáàárín pálọ̀ bíi tíṣà.

"Ìlà kìíní: señal. Ẹ̀yin á kàn ní àmì. Sign ni. Ó ní sign tí òun kọ́kọ́ rí ni pé òkúta orí ọmọrí máa ń yí padà. Ìlà kejì: indicio. Kì í ṣe sign mọ́ o, ẹ má pò wọ́n pọ̀! Indication ni, ohun tó ń jẹ́ kéèyàn máa fura. Ó ní Sunday nìkan ló máa ń ṣẹlẹ̀, nígbà tí mọ́tò onílé bá ti jáde."

"Sí," ni Sẹ̀nyóra wí.

"Ẹ gbọ́ ọ! Ó ní sí, bẹ́ẹ̀ ni! Ìlà kẹta: pista. Clue! Tí ẹ bá rí clue, ó ti kù díẹ̀ kí ẹ mú un. Ó ní ọkùnrin gíga kan ni, pé ice scraper tí wọ́n fi ń ha gíláàsì mọ́tò ló fi ń wa ẹran, pé ó máa ń gbé bread tirẹ̀ wá, pé ó máa ń korin bó ṣe ń jẹ."

"Ọkùnrin?" ni ọkọ mi wí. "Ṣé Rẹ̀mílẹ́kún ti di ọkùnrin ni?"

Mo rí i pé Ẹ̀gbọ́n gbọ́. Òógùn ti bo iwájú orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ẹ̀gbọ́n Abọ́sẹ̀dé kàn rọra yínmú pé, "Hmm. Ìlà mẹ́ta ló mọ̀." Ó tán. Ìgbéraga tún gùn ún padà.

"Mẹ́ta kẹ̀! Ìlà kẹrin: huella. Footprint! H yẹn ò ní dún, àwọn tí kò lọ sí Malabo ló ń pè é. Ó ní òun fi bọ́kẹ́ẹ̀tì dé footprint kan mọ́lẹ̀ kí snow má bàa bò ó. Bàtà ẹlẹ́nu ṣóńṣó, gìgísẹ̀ kékeré..."

Orí gbogbo wa yí sí ẹnu ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan náà. Láàárín bàtà snow ogún, bàtà cowboy méjì dúró níbẹ̀, wọ́n na ẹnu ṣóńṣó sí wa. Ẹ̀gbọ́n wà níwájú wa tòun ti socks, àtàǹpàkò kan sì ń yọjú.

"...ìlà karùn-ún, rastro, trail," ohùn rẹ̀ ti ń tinrín, "ọbẹ̀ pupa tó ń já bọ́ sórí snow títí dé ibi tí, ibi tí truck dúró sí. Ìlà kẹfà. Prueba. Evidence. Ohun tí adájọ́ máa ń gbé sọ́wọ́. Ó ní Sunday tó kọjá, chinook, atẹ́gùn lílọ́wọ́ọ́rọ́ ìgbà òtútù, fẹ́, ó sì gbé evidence náà wá sí ọgbà òun. Evidence náà ni..."

Ó gbé ìwé náà súnmọ́ gíláàsì rẹ̀.

"Ni kí ni?" ni Ẹ̀gbọ́n Abọ́sẹ̀dé bi í.

"Lẹ́tà rẹ̀ ò hàn dáadáa."

Mo yọjú wo ìwé náà. S-o-m-b-r-e-r-o. Èmi tí mi ò kàwé ju secondary school lọ, mo mọ ìyẹn!

Sẹ̀nyóra ò tiẹ̀ dúró. Ó ti ọwọ́ bọ inú nylon tó gbé wá, ó fà á jáde: fìlà cowboy funfun, ọbẹ̀ ata kán sí etí rẹ̀ kan.

Ẹ gbọ́ ohun tí ọlọ́gbọ́n ọkùnrin yìí ṣe. Ayọ̀ ló gbà á lọ́kàn. Ó fò, ó já fìlà náà gbà, ó gbá a mọ́ àyà.

"Fìlà mi! Ha, fìlà mi rè é o! Níbo lẹ ti rí i? Mo ti wá a títí!"

Ìtùnú ọmọ mi wò ó, ó pàtẹ́wọ́.

"Bámgbóyè," ni Ẹ̀gbọ́n Abọ́sẹ̀dé wí, "jọ̀ọ́, má bínú sí mi. O gbọ́ Spanish."

Ẹ̀rín bú jáde. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ sórí carpet, kì í ṣe ìkíni o, ẹ̀rín ló wó o lulẹ̀. Rẹ̀mílẹ́kún lọ sí ẹnu ọ̀nà, ó gbé bàtà cowboy náà wá, ó kúnlẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó kó wọn síwájú rẹ̀. "Bàtà yín rè é, sà."

Ẹ̀gbọ́n ki ẹsẹ̀ bọ̀ wọ́n, ó jáde. Àtẹ̀gùn ìta ti di yìnyín, bàtà rẹ̀ sì ń yọ̀. Gbì! Ìdí ló fi balẹ̀ sínú snow, ó dìde, ó sá lọ sí truck. Sẹ̀nyóra yọjú, ó nàka sí kòtò ńlá tí ìdí Ẹ̀gbọ́n ṣe sílẹ̀.

"Huella!" ló ní.

"Huella!" ni gbogbo fellowship dáhùn, bí ẹni ń ṣe Amen.

Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, Rẹ̀mílẹ́kún ti padà sísàlẹ̀. Kò bínú, kò tiẹ̀ wo ojú mi. Mo gbóòórùn noodles.

Mo gbé ìkòkò wọlé láti orí deck, mo gbé e kaná, mo dúró tì í títí ó fi yọ́, tó hó. Mo bu ẹran mẹ́ta tó tóbi jù sínú àwo kan, mo bu ìrẹsì sí i. Mo dúró lórí àtẹ̀gùn.

"Rẹ̀mílẹ́kún."

"Auntie?"

"Má wá ilé kankan mọ́. Mo ṣẹ̀ ọ́, jọ̀ọ́, dárí jì mí. Gbé noodles yẹn kúrò lórí iná, gòkè wá jẹun!"