Ọkùnrin Gíga Tí Wọ́n Gé Lẹ́sẹ̀ Lára Ògiri

Ẹjọ́ kan dé ààfin lánàá tó jẹ́ pé bí ẹlòmíràn ló sọ ọ́ fún mi, màá ní kó lọ sùn. Baba Onítáyà, tó ń lẹ táyà ní ìkòríta, ló pe Pẹ́ńtà lẹ́jọ́. Pẹ́ńtà yìí ni yóò fẹ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin, ìgbéyàwó sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Bàbá ní òun ò fọmọ fún un mọ́ láé. Pẹ́ńtà ní òun ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ọmọbìnrin náà jókòó sáàárín wọn, kò wo ọ̀tún, kò wo òsì.

Kábíyèsí ní, "Baba Onítáyà, kí ló ṣe fún ọ?"

"Kábíyèsí, ó gé e lẹ́sẹ̀."

Gbogbo wa tó wá gbọ́ ẹjọ́ dìde. Ìjòyè kan tó ti ń sùn láti àárọ̀, òun náà dìde.

"Ẹsẹ̀ ta ló gé?"

"Ẹsẹ̀ Òpómúléró, Kábíyèsí."

"Ilé ìwòsàn wo ló wà?"

"Ara ògiri ṣọ́ọ̀bù mi ló wà."

Gbogbo wa tún jókòó. Ìjòyè náà tún sùn.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé ẹni tí kò bá mọ̀. Òpómúléró ni orúkọ tí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ fún agbábọ́ọ̀lù kan, irú àwọn tó ń ju bọ́ọ̀lù sínú apẹ̀rẹ̀ tó wà lókè. Ó ga, ó mọ̀ ọ́n gbá, ó gba ife títí ó fi sú àwọn ẹgbẹ́ yòókù. Ṣùgbọ́n lọ́dún yìí nǹkan ò ṣẹnu rere, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fìdí rẹmi lemọ́lemọ́. Kò sí ẹnì kan nínú ààfin tó bá a pàdé rí, ojú tẹlifíṣọ̀n la ti mọ̀ ọ́n. Ìyẹn ò ní kí wọ́n má jà lé e lórí bí ẹni ń jà sí ogún bàbá wọn.

Baba Onítáyà ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. "Nígbà tó ń wá ojú rere mi, mo ní n ò fẹ́ nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀ ju kó ya Òpómúléró sára ògiri fún mi. Ó yà á, ó dára, láti ilẹ̀ dé páànù. Bí awakọ̀ bá ń júwe ṣọ́ọ̀bù mi, á ní, 'Níbi tí ọkùnrin gíga yẹn wà.' Àfi bí ẹgbẹ́ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fìdí rẹmi. Bí wọ́n bá ti fìdí rẹmi báyìí, ọmọkùnrin yìí á gbé ọ̀dà funfun wá, á pa díẹ̀ rẹ́ lára rẹ̀. Bàtà lọ. Orúnkún lọ. Ìbàdí lọ. Ó ti dé àyà báyìí, Kábíyèsí. Awakọ̀ kan bi mí níjẹta pé ta ló rì sódò."

Kábíyèsí ní, "Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Pẹ́ńtà, ẹnu ẹ dà?"

"Kábíyèsí, n ò gé e. Òun ló ń kúrú."

"Báwo?"

"Iṣẹ́ mi ni, n kì í ya irọ́. Nígbà tí mo yà á, ó ń fò kan apẹ̀rẹ̀. Nísinsìnyí, bó bá ju bọ́ọ̀lù, àwọn òǹwòran ló ń gbá a mú. Mo kàn ń tún àwòrán ṣe kó lè bá òtítọ́ mu ni."

Bàbá ní, "Orúnkún ló ń dùn ún, aláìláàánú."

"Orúnkún tó ń dùn ún náà ni mo yọ kúrò, Bàbá, kó lè sinmi."

Kábíyèsí fi ìrùkẹ̀rẹ̀ bo ẹnu. Èmi ò ní ìrùkẹ̀rẹ̀, mo rẹ́rìn-ín síta.

Bàbá ní, "Kábíyèsí, ọjọ́ tí erin bá kú là ń rí oríṣiríṣi ọ̀bẹ. Ta ló ń gbéra sánlẹ̀ ní pálọ̀ mi lọ́dún tó kọjá tí Òpómúléró gba ife? Ta ló ní bí òun bá bí ọmọkùnrin, Òpómúléró ni yóò máa jẹ́?"

Pẹ́ńtà ní, "Mo ti yí ìyẹn padà. Obìnrin la máa bí."

Ọmọbìnrin náà wú ikọ́ díẹ̀. Wọn ò gbọ́.

Kábíyèsí ní, "Ọ̀rọ̀ ògiri nìyí, Baba Onítáyà. Kí ló kan ìgbéyàwó níbẹ̀?"

"Òun gan-an lọ̀rọ̀, Kábíyèsí. Yóò rẹ ọmọ mi náà lọ́jọ́ kan. Ara rẹ̀ ò ní yá. Ọbẹ̀ á jóná mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹni tó ń fi ọ̀dà funfun pa ẹni tí àárẹ̀ mú rẹ́, ṣé abẹ́ búrọ́ọ̀ṣì irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni kí n fọmọ mi sí?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ wá lára. Ni wọ́n bá pe ẹlẹ́rìí.

Onílọ́rì kan ló kọ́kọ́ jáde, ẹlẹ́rìí Bàbá. Ó ní, "Kábíyèsí, kò sí irú Òpómúléró, kò sì ní sí láé. Bí a bá perí akọni, à á fi idà lalẹ̀."

"O ti wò ó rí?"

"Rárá o. Iṣẹ́ kì í jẹ́. Rédíò ni mo fi ń gbọ́ ọ."

"Báwo lo wá ṣe mọ̀ pé ó ga?"

"Kábíyèsí, ẹni kúkúrú ò lè fa irú ariwo yẹn."

"Bí wọ́n ṣe ń fìdí rẹmi yìí ńkọ́?"

"Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i."

Kábíyèsí gbójú sókè wo òrùlé ààfin. Ó ní, "Kúrò níwájú mi."

Ìyá Aránṣọ, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Bàbá, ló tẹ̀ lé e. Òun ní òun ò wá gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni.

"Kábíyèsí, ẹnu Baba Onítáyà ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ pé Òpómúléró ti di igi gbígbẹ."

Bàbá ní, "Ìfẹ́ ni mo fi sọ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ràn ẹni ló ń báni wí."

"Ó sì ju bàtà lu tẹlifíṣọ̀n."

"Ẹni tó ń dí i lọ́nà ni mo jù ú lù."

Kábíyèsí ní, "Pẹ́ńtà ńkọ́?"

"Ìyẹn? Bó ṣe ń pa á rẹ́ náà ló ń sunkún, Kábíyèsí. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún."

Pẹ́ńtà ní, "Ọ̀dà ló ta sí mi lójú."

Kábíyèsí ní, "Ojú méjèèjì?"

"Ọ̀dà náà pọ̀, Kábíyèsí."

Ìgbà yẹn ni Kábíyèsí wá rántí ẹni tó jókòó sáàárín. "Ìwọ ọmọ, ẹ̀yìn ta lo wà?"

Ó dìde, ó kúnlẹ̀. Ohùn rẹ̀ ò ga. "Kábíyèsí, n ò mọ bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fìdí rẹmi nínú ìdánwò nọ́ọ̀sì, bàbá mi ò bá mi sọ̀rọ̀ fún oṣù kan gbáko. Wọ́n ní ọ̀lẹ ni mí. Òpómúléró fìdí rẹmi, wọ́n ní kí gbogbo ilé kúnlẹ̀, ká gbàdúrà fún orúnkún rẹ̀. Èmi náà kúnlẹ̀."

Bàbá ń wo ìka ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Pẹ́ńtà ló rẹ̀ mí lẹ́kún nígbà yẹn, ìdí tí mo fi gbà fún un nìyẹn. Àmọ́ láti bí oṣù mélòó kan, bí mo bá dárúkọ ìgbéyàwó, á ní kí eré bọ́ọ̀lù ọdún yìí parí ná. Ibà dá mi dùbúlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, kò mọ̀."

Pẹ́ńtà ní, "Ó yẹ kí o sọ fún mi."

"Mo sọ fún ọ. O ní kí n yẹ̀ kúrò níwájú tẹlifíṣọ̀n." Ó yíjú padà sí Kábíyèsí. "Àwọn méjèèjì mọ orúnkún tó ń dun ọkùnrin tí kò mọ̀ wọ́n. Èmi tí mo wà lọ́dọ̀ wọn, wọn ò mọ ibi tó ń dùn mí."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Ká sòótọ́, inú bí mi, ojú sì tì mí pé mo ti ń rẹ́rìn-ín láti àárọ̀. Kábíyèsí bi ìjòyè tó ń sùn léèrè pé kí ni ká ṣe. Ó ní kí wọ́n ti tẹlifíṣọ̀n mọ́lé, ó bá tún sùn lọ.

Kábíyèsí wá dá ẹjọ́. "Ní ti Òpómúléró, kò jẹ̀bi. Ẹni tó ti fò tó bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti rìn. Ẹ pa èyí tó kù lára rẹ̀ rẹ́, kí ọkùnrin náà lè lọ sinmi lọ́wọ́ yín. Pẹ́ńtà, lọ́sàn-án yìí, wàá ya ara rẹ àti Baba Onítáyà sára ògiri yẹn, láti ilẹ̀ dé páànù. Bí o bá parí, gbé búrọ́ọ̀ṣì àti ọ̀dà funfun fún ọmọ yìí. Ìgbàkígbà tí ẹnikẹ́ni nínú yín bá já a kulẹ̀, kó pa díẹ̀ rẹ́ lára onítọ̀hún. Láti ẹsẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀ ní ti Pẹ́ńtà. Ní ti bàbá rẹ̀, láti orí. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, bí Pẹ́ńtà bá ṣì lẹ́sẹ̀ lára ògiri, kó fi rìn wá síbẹ̀. Bí bàbá bá ṣì lẹ́nu, kó fi súre fún wọn."

Bàbá ní, "Kábíyèsí, bó bá wá ń ṣàṣejù ńkọ́? Ta ni yóò bá wa pẹ̀tù sí i?"

"Ìwọ náà, ṣé o gba ìpẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìdánwò?"

Báyìí la ṣe túká. Pẹ́ńtà ya àwòrán náà lóòótọ́, ó sì jọ wọ́n. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ẹgbẹ́ Òpómúléró tún gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n sì borí. Wọ́n ní ó jù ú bí ti àtijọ́. Wọ́n ní Bàbá àti Pẹ́ńtà dì mọ́ ara wọn, wọ́n jó yí ìkòríta ká, Bàbá ń pè é ní ọmọ mi àtàtà. Ọmọbìnrin náà pè wọ́n láti bá òun mú àkàbà tí Pẹ́ńtà fi yàwòrán dúró. Wọn ò gbọ́.

Mo gba ibẹ̀ kọjá láàárọ̀ yìí. Lára ògiri, Bàbá ò lórí mọ́, Pẹ́ńtà ò nítan. Ọmọbìnrin náà wà lókè àkàbà, ó ń po ọ̀dà sí i.